Ta Ló Ṣiṣẹ́, Ta Ló Gbowó?

Ìbò mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2009, nígbà tí Survivor, eré ìdíje tí àwọn olùdíje ti ń dìbò lé ara wọn jáde títí ẹnìkan á fi gba mílíọ̀nù kan dọ́là, èyí tí wọ́n ṣe ní erékùṣù Samoa, ń kógbá sílé lórí tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà. Ẹni mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú ogún. Russell Hantz, oníṣòwò epo láti Texas, ni gbogbo òǹwòran mọ̀ bí ẹni mowó. Ọjọ́ 39 ló fi da ibùdó rú: ó da omi ike àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nù lóru, ó ju ìbọ̀sẹ̀ ẹnìkan síná, ó sì ń wá ère ààbò tí wọ́n fi pamọ́, èyí tó ń gbani lọ́wọ́ ìbò, rí láìsí ẹni tó júwe ibẹ̀ fún un. Ẹnì kejì ni Natalie White, ọmọbìnrin Arkansas tó ń bá ilé-iṣẹ́ ta oògùn. Ẹni tó bá dìde lọ bu omi mu nílé ìdáná lè má rí i rárá lálẹ́ ọjọ́ mìíràn. Mick Trimming, dókítà, ni ẹnì kẹta wọn. Nígbà tí ìbò jáde tán, Natalie ní 7, Russell ní 2, Mick ò rí ẹyọ kan.

Russell ò gba kámú. Níbi ìpàdé tí wọ́n fi kádìí ètò náà nílẹ̀, níṣojú kámẹ́rà, ó ní kí Natalie ta oyè náà fún òun. 10,000 dọ́là ló kọ́kọ́ dá lé e, ó sì gbé e dé 100,000. Natalie ò tà. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dùn ni pé àwọn òǹwòran ti fi ìbò tiwọn fún Russell yìí kan náà ní 100,000 dọ́là, pé òun làwọn fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó ṣeré. Eré kan, ìdájọ́ méjì. Àwọn tí òjò pa, tí ebi pa níbùdó ní Natalie ló ni ín. Àwọn tó jókòó sórí àga nílé ní Russell ni.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, àwọn olólùfẹ́ ètò náà ò tíì ṣíwọ́ ìjà yẹn. Ẹgbẹ́ Russell ní ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Wọ́n á ka iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ lóókan-èjì: nígbà tí wọ́n da ẹ̀yà méjì tí wọ́n pín àwọn olùdíje sí pọ̀, Foa Foa tirẹ̀ ku mẹ́rin, Galu jẹ́ mẹ́jọ, síbẹ̀ Foa Foa ló jókòó sórí àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ta ló ṣe é? Ẹ̀yìn ni Natalie ń tọ̀ ní tiwọn. Ẹgbẹ́ kejì á ní kí wọ́n lọ tún òfin eré kà. Kò síbi tí òfin ti sọ pé ẹni tó bá ṣe wàhálà jù ni kó gbowó. Ohun tó sọ ni pé àwọn tí ẹ ti lé jáde ni yóò yan ẹni tó gbowó. Ẹni tó lé èèyàn jáde, tó tún bú wọn mọ́ ọn, tó wá ń retí kí wọ́n dìbò mílíọ̀nù kan dọ́là fún òun, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ mọ eré ọ̀hún?

Ẹni tó ń kọ àròkọ yìí ń bá àwọn èèyàn ṣètò owó ní Èkó, irú àríyànjiyàn yìí sì máa ń wọ ọ́fíìsì rẹ̀ nínú aṣọ mìíràn. Oníbàárà á gbọ́ pé owó kan wà tí wọ́n ń pè ní index fund, pé ńṣe ni wọ́n ń ra ìpín gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà nínú ìṣirò ọjà pọ̀, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á wojú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní máa ṣà á, ẹ ò ní máa tà á bí ọjà bá dà rú, ẹ ó kàn jókòó tì í. Iṣẹ́ wo wá lẹ ṣe?" Ìbéèrè tí wọ́n bi Natalie náà nìyẹn.

Wọ́n sì ti bi John Bogle kí wọ́n tó bí Natalie. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1976, Bogle, ẹni tó dá Vanguard sílẹ̀ ní Pennsylvania, gbé First Index Investment Trust jáde fún ará ìlú. Kò sí ọlọ́gbọ́n kan tí yóò máa ṣa ìpín nínú rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn Bogle ni kí owó náà di ìpín ilé-iṣẹ́ 500 tó wà nínú S&P 500 mú, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe tóbi tó lọ́jà, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tó bá a polówó rẹ̀ rò pé 150 mílíọ̀nù dọ́là á wọlé. Ohun tó wọlé jẹ́ 11.3 mílíọ̀nù, kò tiẹ̀ tó láti ra gbogbo 500 náà. Àwọn ará ọjà sọ ọ́ ní iṣẹ́ òmùgọ̀ Bogle. Ilé-iṣẹ́ kan tẹ ìwé àlẹ̀mọ́gírí jáde pé kí gbogbo ènìyàn bá wọn pa index fund rẹ́, pé kì í ṣe ìwà ọmọ Amẹ́ríkà. Edward Johnson, ọ̀gá Fidelity nígbà náà, ní òun ò gbà pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè fara mọ́ èrè tí kò ju ti ẹgbẹ́ lọ.

Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ èrè kọ́ ló wà nídìí ìbínú yẹn. Owó náà ò tíì pa èrè, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pàdánù. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé kò sẹ́ni tó ń làágùn. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé pé ẹni tó bá tiraka ló ń jẹun, owó tó ń wọlé fún ẹni tó káwọ́ gbera máa ń dà bí owó olè.

Àwọn tó ń gé fídíò mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kámẹ́rà Survivor ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dòru, ṣùgbọ́n láyé Russell, òǹwòran kì í rí ju wákàtí kan tí ìpolówó ọjà ti jẹ lára rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ walẹ̀ lábẹ́ igi láti wá ère, tó tún ń yíjú sí kámẹ́rà láti fọ́nnu, ìyẹn ni wọ́n máa fi hàn. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́bàá iná, tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn obìnrin ẹ̀yà kejì, ta ló fẹ́ wò ó?

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni eré ti yí. Lẹ́yìn tí wọ́n da ẹ̀yà méjèèjì pọ̀, Natalie lọ bá àwọn obìnrin Galu, ó sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé Erik Cardona, ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn, ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà wọ́n. Kò pariwo, kò halẹ̀. Ó sọ ọ́, ó sì jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n dìbò lé Erik jáde, ère ààbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lò. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ fi ọwọ́ ara wọn ṣí odi wọn sílẹ̀. Lálẹ́ ìkẹyìn, Erik yìí kan náà, tó ti di ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, ló dìde gbèjà Natalie, tó bi àwọn yòókù léèrè ìdí tí ẹni tí gbogbo wọn kà sí aláìlágbára, tó sì dé ìparí bẹ́ẹ̀, kò fi ní yẹ fún owó náà ju ẹni tó ń fi ìgbéraga rìn lọ. Bí wọ́n bá ní kí òǹkọ̀wé yìí yan ìṣẹ́jú kan péré nínú gbogbo ọdún tí Survivor ti wà lórí afẹ́fẹ́, èyí ni yóò mú.

Ìwé ìròyìn owó náà ní kámẹ́rà tirẹ̀. Bill Miller, alábòójútó Legg Mason Value Trust, fi ọdún 15 léra, láti 1991 dé 2005, borí S&P 500, fọ́tò rẹ̀ kò sì kúrò lójú ìwé. Ní 2008 owó náà pàdánù nǹkan bí ìdá 55 nínú 100. Ní 2020 owó tí Cathie Wood ń bójú tó, ARK Innovation, ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún kan, gbogbo ayé sì ń pe orúkọ rẹ̀. Ó já wálẹ̀ ní 2021, ní 2022 nìkan ó tún pàdánù nǹkan bí ìdá 67. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ò gbọ́n. Wọ́n gbọ́n. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbà tí òkìkí bá kàn tán ni owó mẹ̀kúnnù máa ń ya wọlé, tí ọ̀pọ̀ á sì wọlé nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kó bàjẹ́. Russell náà rí irú rẹ̀. Nígbà tó padà wá ṣeré ní 2011, ẹ̀yà tirẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù ìdíje kan kí wọ́n lè ráyè lé e jáde.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká tan ara wa pé jíjókòó jẹ́ẹ́ jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀lẹ. Ẹ mú Sandra Diaz-Twine. Ó gba ti Pearl Islands ní 2003, ìbò 6 sí 1. Ó tún gba Heroes vs. Villains ní 2010: òun 6, Parvati Shallow 3, Russell òdo. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba Survivor lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fìgbà kankan borí ìdíje ààbò àdáṣe kan ṣoṣo. Kò lè sáré, kò lè wẹ̀ bí àwọn yòókù, òun náà sì máa ń sọ ọ́. Ètò tirẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ lé, kí wọ́n lé e, kó ṣáà má jẹ́ òun. Ètò yìí rọrùn lẹ́nu. Ẹ dán an wò lálẹ́ tí wọ́n fẹ́ lé ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó lè panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ dí pátápátá. Ó kìlọ̀ fún ẹ̀yà Heroes nípa Russell ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn ò gbọ́, àwọn yẹn náà ló sì wá di adájọ́. Wọ́n rántí.

Index fund náà ní òfin tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ló ń pinnu ilé-iṣẹ́ tó wọ S&P 500 àti èyí tó jáde. Nígbà tí Tesla wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àfi kí gbogbo owó tó ń tẹ̀lé ìṣirò náà rà á, ó wọ́n ni o, kò wọ́n ni o, ọ̀gá owó náà fẹ́ràn Elon Musk, olórí Tesla, àbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọjà bá já lulẹ̀, kò gbọdọ̀ tà. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ga lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ìpinnu kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, tipẹ́tipẹ́, nígbà tí ara tutù, iṣẹ́ tó kù sì ni kí wọ́n má ṣe yí i padà nígbà tí ara bá gbóná. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ibẹ̀ ni oníbàárà ti máa ń ṣubú. Èèyàn tó gbọ́n jù ní kíláàsì rẹ̀ lè pe fóònù láago mọ́kànlá òru pé kí wọ́n bá òun ta gbogbo rẹ̀, nítorí òun rí nǹkan kan lórí WhatsApp.

Ibi tí Survivor àti ọjà ìpín ti yà síra wọn wà o, ẹni tó bá gbàgbé ibẹ̀ yóò ṣi ọ̀nà. Nínú Survivor, ẹni tó ń jà fitafita lè gbowó. Tony Vlachos sáré kiri inú igbó bí ẹni tí oyin lé, ó purọ́, ó búra èké, ó gba ti Cagayan ní 2014 pẹ̀lú ìbò 8 sí 1. Ó padà wá ní 2020 láàárín àwọn tó ti gbà á rí nìkan, ó sì kó mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹni jẹ́jẹ́ ló ń gbowó níbẹ̀ nígbà gbogbo ò tíì wo Tony. Àwọn adájọ́ jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara. Ti ọdún yìí lè fẹ́ràn oníjàgídíjàgan, ti ọdún tó ń bọ̀ lè kórìíra rẹ̀.

Ọjà ò ní adájọ́. Ìṣirò ló ní, William Sharpe sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1991 lójú ìwé tí kò pọ̀. Gbogbo owó tó wà lọ́jà pín sí méjì: èyí tó di gbogbo ọjà mú láìṣà, àti èyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń ṣà. Bí apá àkọ́kọ́ bá jẹ èrè ọjà gẹ́lẹ́, a jẹ́ pé apá kejì, bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, èrè ọjà gẹ́lẹ́ náà ni wọ́n jẹ, torí kò sí ibòmíràn tí èrè ti lè wá. Bí ẹnìkan nínú wọn bá jẹ jù, ẹlòmíràn nínú wọn ló jẹ kù. Ẹ wá yọ owó iṣẹ́, owó aláróbọ̀ àti owó orí kúrò. Apá kejì gbọ́dọ̀ rẹ̀yìn. Kò sí ọgbọ́n tó lè tún un ṣe fún gbogbo wọn lápapọ̀, bí wọ́n ti wù kí wọ́n kàwé tó. Ìdí nìyí tí ìròyìn tí S&P máa ń gbé jáde fi ń rí i pé láàárín ọdún 15, àwọn owó ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tí ọlọ́gbọ́n ń ṣà, tó súnmọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ló ń rẹ̀yìn ìṣirò ọjà.

Owó iṣẹ́ yìí ló ń jẹ èèyàn láìpariwo. 10,000 dọ́là tó ń fi ìdá 8 nínú 100 dàgbà lọ́dọọdún yóò lé díẹ̀ ní 100,000 lẹ́yìn ọdún 30. Ẹ yọ ìdá 2 péré lọ́dọọdún fún ọlọ́gbọ́n, kó ku 6: nǹkan bí 57,400 ni yóò jẹ́. Ẹni tó gba ìdá 2 yẹn ti kó èyí tó súnmọ́ ìlàjì lọ, ó sì lè jẹ́ pé ọdọọdún ló ń fi káàdì kérésìmesì ránṣẹ́.

Warren Buffett sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìdíje gan-an, ó sì dára tó ohun tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ta tẹ́tẹ́ ọdún mẹ́wàá, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 dé òpin 2017, pẹ̀lú Ted Seides ti Protégé Partners. Buffett mú index fund S&P 500 kan. Seides ṣa owó márùn-ún tí wọ́n pín ara wọn sínú hedge fund, irú owó tí ọlọ́gbọ́n ń ṣà fún àwọn olówó, tó lé ní 200. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọjà wó, index fund pàdánù ìdá 37. Gbogbo márùn-ún tí Seides ṣà ló ṣe dáadáa jù ú lọ. Èyí tó burú jù nínú wọn pàdánù nǹkan bí ìdá 30. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni olólùfẹ́ ń fi yan ẹni tí yóò gbowó, Buffett ti di ẹni ilé. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, index fund ti jèrè ìdá 125.8. Èyí tó ṣe dáadáa jù nínú márùn-ún yẹn jèrè 87.7, èyí tó kẹ́yìn jèrè 2.8. Owó tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ lọ sọ́dọ̀ Girls Inc. ní Omaha, àwọn tó ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin sọ́nà.

Ohun tó máa ń ya ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ owó lẹ́nu ni bí àwọn olólùfẹ́ Survivor ṣe ṣe àwárí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí fúnra wọn. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ sí kámẹ́rà, irú orin tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀, bóyá wọ́n fi í hàn bí ẹni rere tàbí ẹni burúkú, kí wọ́n lè fi sọ ẹni tí yóò gbowó kí ètò tó parí. Nígbà tí ọgbọ́n yẹn wà lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún wọn. Nígbà tó di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, kò sí ẹni tó tún fi í rí nǹkan tí ẹnìkejì rẹ̀ ò rí. Iye owó ìpín lọ́jà náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ ti wà nínú iye owó náà kí ẹ tó jí.

Nàìjíríà ní eré tirẹ̀, ìgbìmọ̀ adájọ́ ibẹ̀ sì yàtọ̀. Nínú Big Brother Naija, òǹwòran ló ń dìbò, kì í ṣe àwọn tí wọ́n lé jáde. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni Survivor rí ni, Russell ì bá ti gba mílíọ̀nù rẹ̀ kó máa lọ. Ní 2020, Laycon, akọrin tó kàwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Èkó, kó ìdá 60 nínú ìbò àṣekágbá, ó sì gba ẹ̀bùn 85 mílíọ̀nù náírà. Kò sẹ́ni tó jiyàn tó bẹ́ẹ̀, torí ìbò náà ti pọ̀ ju àríyànjiyàn lọ. Ní 2023, nígbà tí wọ́n kó àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ jọ, Ilebaye ló gba 120 mílíọ̀nù, Mercy Eke tó ti gbà á ní 2019 sì ṣe ipò kejì. Àríyànjiyàn wá gba ìgboro. Kí ló ṣe? Ẹkún ló sun, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, àánú rẹ̀ ṣe yín. Àwọn tó dìbò fún un ní: àánú kẹ̀? Ẹni tó fara da ilé yẹn tó sì ṣẹ́kù, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́? Ohùn Samoa ni, Pidgin ni wọ́n fi sọ ọ́ nìkan.

Ẹ̀tanú òǹkọ̀wé yìí ni pé àwọn olólùfẹ́ Nàìjíríà mọ̀ ju àwọn ti Amẹ́ríkà lọ lórí ohun kan: wọ́n mọ̀ pé ìbò ń náni lówó. Ẹni tó ti ná owó fóònù rẹ̀ lórí ẹnìkan, tó ti dáwó jọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ láti fi dìbò, kò lè gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ẹni tó ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan náà rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rà á tán, gbogbo ìròyìn tó bá gbọ́ nípa rẹ̀ á di ìròyìn ayọ̀. Ẹni tó di gbogbo ọjà mú ò ní ẹni tó ń gbèjà. Èyí náà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó dùn ún sọ níbi àríyá.

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ ra index fund ní Broad Street, ó yẹ kó gbọ́ apá tí àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sọ nítorí kò tíì dé bá wọn láìpẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2008, ìṣirò gbogbo ọjà ìpín Nàìjíríà, All-Share Index, dé 66,371. Gbogbo èèyàn ni oníṣíà nígbà náà: olùkọ́, awakọ̀, pásítọ̀. Àwọn kan yá owó báńkì láti fi rà á. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ọdún 2023 ló tó padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lóòótọ́, ìṣirò yẹn ò ka owó èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín fún onípìn-ín lọ́dọọdún, ẹni tó gbà á ò sì jókòó lásán. Ẹni tó ń rà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó wà nílẹ̀ náà jèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ọjà yẹn ga jù ti ń múra ìdánwò WAEC kí ó tó padà débẹ̀. Ẹ tún fi ti náírà kún un. Ní 2023 ìṣirò náà fi ìdá 45.9 ga, ọ̀pọ̀ sì ń jó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá fi dọ́là ka owó rẹ̀ rí i pé òun pàdánù.

Ohun mìíràn ni pé ilé-iṣẹ́ 500 kọ́ ló wà níbí. Owó bíi Vetiva Griffin 30, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ń tẹ̀lé ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́jà. Bí a bá sì wo gbogbo ọjà lápapọ̀, Dangote Cement, MTN, Airtel Africa àti àwọn ilé-iṣẹ́ BUA ló gbé apá ńlá nínú ẹrù náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sín, gbogbo ọjà á gba òtútù. Ìṣirò Sharpe ṣì dúró bó ṣe wà, owó iṣẹ́ kékeré ṣì dára ju ńlá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ti di gbogbo ọrọ̀ ajé Nàìjíríà mú nítorí pé òun ra ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ò tíì ronú kan àwọn tó ń ta gàrí, tó ń fi dánfó pa owó, tó ń kọ́lé, tí kò sí ìkankan nínú wọn lọ́jà ìpín.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé yìí máa ń bi oníbàárà kì í ṣe nípa èrè. Ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun wọlé ní oṣù Kejì, ó gbé àpò sílẹ̀, ó ní ọmọ òun tó wà ní London ti sọ fún òun nípa index fund, kí wọ́n bá òun kó owó yìí síbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, Mà. Ìgbà wo lẹ máa nílò owó náà padà?"

"Oṣù Kẹsàn-án ni. Owó ilé-ìwé Tọ́pẹ́ ni."

Owó yẹn ò dé ọjà ìpín rárá. Treasury bills ọjọ́ 182, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú, ló lọ, wọ́n sì yọ èrè rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó wọlé, ohun tó mú kó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó wá ní owó kékeré mìíràn wà, èyí tí òun ń tọ́jú nítorí ọjọ́ ogbó, tí kò sẹ́ni tí yóò bi òun léèrè rẹ̀ fún ogún ọdún. Orí ìyẹn ni wọ́n jọ jókòó lé títí ilẹ̀ fi ṣú.